Ọtí Wo Ni A Ó Ta Sílẹ̀ ní Yábàá?

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ìpàdé ìmúrasílẹ̀ fún àpéjẹ Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe

      

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ bí àpéjẹ oúnjẹ àti ohun mímu ìbílẹ̀ tí a fẹ́ ṣe ní Yábàá ní ogúnjọ́ oṣù Ògún yóò ṣe rí. Ìgbìmọ̀ ti fi ìwé ètò ránṣẹ́ sí mi. Mo kà á, inú mi sì dùn sí púpọ̀ nínú rẹ̀. Àgọ́ àmàlà àti gbẹ̀gìrì wà níbẹ̀, ti iyán wà níbẹ̀, ti àkàrà àti ẹ̀kọ, àti ti ẹja yíyan láti Mákòókò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n kọ ohun ìtasílẹ̀ sí, páálí ṣínáàpù méjì ni mo bá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tèmi lónìí kò ní jìnnà sí páálí méjì yẹn.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí irú àpéjẹ báyìí ní apá Erékùṣù. Owó ni a fi wọlé. Wọ́n to oúnjẹ òrìṣà sórí tábìlì gígùn bí ẹni pàtẹ aṣọ, wọ́n sì fi iná aláràbarà tàn án. Mo béèrè ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Wọ́n bu nǹkan fún mi nínú ife. Ó pọ́n, ó tutù nini, ó sì dùn bí oyin. Mo tọ́ ọ wò, mo mọ̀ pé omi, ṣúgà àti aró ni. Mo bi ọmọbìnrin tó bù ú fún mi pé ta ló pọn ọtí yìí. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Màmá, inú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n gbé e wá o.” N kò bá a jà, nítorí kò mọ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún un. Ní ẹ̀gbẹ́ mi, ọkùnrin kan jókòó, ó wọ funfun, sẹ́sẹ́ẹfun sì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n gbé abọ́ tí epo pupa kún síwájú rẹ̀, wọ́n sì gbé ife ẹmu tì í. Ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ wo ojú rẹ̀, ó wo abọ́. Ó dìde, ó kí gbogbo wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó ti san owó ìwọlé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé, bí àwọn ẹlòmíràn bá ṣe é bẹ́ẹ̀, a lè ní òwò ni wọ́n ń ṣe. Bí àwa bá ṣe é bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Ìyá ìyá mi a máa pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní Ìwáyà. Mo mọ iṣẹ́ náà nítorí pé èmi ni mò ń gbé omi rẹ̀. Àgbàdo ni yóò kọ́kọ́ rẹ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, yóò kó o jáde, yóò tẹ́ ewé sí ìsàlẹ̀ agbọ̀n, yóò dà á sí i, yóò sì fi ewé bò ó títí yóò fi hù. Ọjọ́ kẹrin ni í máa wò ó, yóò ki ọwọ́ sí abẹ́ ewé, yóò fọwọ́ kan èéhù náà. Bí ó bá kúrú jù, a ó dúró. Bí ó bá gùn jù, ọtí náà yóò korò, òun yóò sì bínú sí wa bí ẹni pé àwa la fà á gùn. Yóò sá a sí oòrùn, yóò lọ̀ ọ́, yóò sè é pẹ́ títí, yóò sẹ́ ẹ, yóò sì fi í sílẹ̀ nínú ìkòkò amọ̀ kí ó lè kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọtí bá tó mu, igbá àkọ́kọ́ ti ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà ni. Igbá kejì ti aládùúgbò ni, Mùsùlùmí ni o, onígbàgbọ́ ni o, bí kò tilẹ̀ mu ún, a ó bù ú lọ fún un, yóò sì dá igbá padà pẹ̀lú ohun mìíràn nínú rẹ̀. Kí a tó tà fún ẹnikẹ́ni, a ti ta sílẹ̀.

Báwo wá ni ọtí òyìnbó ṣe gba ipò yìí? Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, láti Rotterdam àti Schiedam ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, àti láti Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì, ni wọ́n ti ń kó jíìnì olówó pọ́ọ́kú wá sí etí òkun wa nínú ìgò aláwọ̀ ewé onígun mẹ́rin. Ní àwọn ibòmíràn ní etí òkun yìí, ìgò náà di owó. Òun ni wọ́n fi ń san ìtanràn. Kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀, owó orí ọtí wà lára ohun tó ń bọ́ ìjọba amúnisìn jù lọ ní Gúúsù Nàìjíríà. Ìjọba tó ń pe ọ̀nà wa ní ìbọ̀rìṣà, ọtí tí à ń rà ló fi ń la ojú irin. Ní 1919, àwọn orílẹ̀-èdè kan fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Saint-Germain-en-Laye ní ilẹ̀ Faransé, pé kí irú ọtí olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀ má wọ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Èyí tó gbówó lórí nìkan ló ń wọlé lẹ́yìn náà. Bí ó ṣe wọ́n, bẹ́ẹ̀ ló ṣe níyì, títí ṣínáàpù fi di ohun tí a ń gbé síwájú ọba, síwájú àna àti síwájú ojúbọ.

Baba kan nínú wa, tó ń wò mí báyìí, ti sọ fún mi pé ṣínáàpù ni baba òun fi bọ Ifá, àti baba baba òun pẹ̀lú. Òtítọ́ ni, baba. N kò ní sọ pé òrìṣà kò gbà á. Òrìṣà tó ń gba omi tútù kò ní kọ ọtí nítorí ìgò rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tí owó páálí méjì yẹn ń lọ ni mò ń béèrè. Ní Ìwáyà àti ní Mákòókò, àwọn ìyá tí mo mọ̀ tó ṣì ń pọn ọtí kò ju mẹ́ta lọ, kò sì sí ọmọdé nínú wọn. Bí ẹgbẹ́ tó ní òun fẹ́ jí àṣà dìde kò bá ra ọtí lọ́wọ́ wọn ní Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ọjọ́ wo ni wọn yóò tà á?

Ẹ jẹ́ kí a wo Ouidah, ìlú kékeré etí òkun ní orílẹ̀-èdè Benin. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọjọ́ ìsinmi wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà nítorí ẹ̀sìn Vodun. Láti 2024 ni wọ́n ti ń pe àjọ̀dún náà ní Vodun Days. Èrò ń wá láti òkè òkun, àkàsà àti ẹja sì wà fún wọn. Ọtí tí wọ́n ń mu, tí wọ́n sì ń ta sílẹ̀ níbẹ̀, sódàbì wà nínú rẹ̀. Ẹmu ọ̀pẹ ni wọ́n ń gbé kaná, tí wọ́n sì ń gba oru rẹ̀. Orúkọ ènìyàn ni. Bonou Kiti Sodabi, tó bá Faransé ja ogun 1914 sí 1918, ni wọ́n sọ pé ó kọ́ iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ Faransé, tó sì gbé e padà sí Allada. Ìjọba Faransé fòfin dè é, kò parẹ́. Lónìí, nígbà tí wọ́n bá ta á sílẹ̀ fún baba ńlá wọn, orúkọ ọmọ ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń pè.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ ti ń sọ lọ́kàn wọn pé àwa náà ní ògógóró. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìbátan sódàbì ni, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì fòfin de tiwa náà, wọ́n ń mú àwọn tó ń sè é nígbà tí jíìnì tiwọn ń gba èbúté wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná.

Ní oṣù Igbe 2015, ikú kan wọ Òde-Ìrèlé ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí ń fọ́ àwọn ènìyàn, ojú wọn ń ṣú, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì tó mọ́, púpọ̀ nínú wọn ti kú. Wọ́n lé ní mẹ́wàá. Ìròyìn tó kọ́kọ́ tàn kálẹ̀ ni pé òrìṣà ló ń bínú, pé àwọn ọ̀dọ́ kan wọ ojúbọ Malokun, wọ́n sì jí nǹkan níbẹ̀. Ayé gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan ní oògùn apakòríko ni. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ìdí-Àràbà, tí kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí, ló wá fi hàn pé mẹ́tánọ́ọ̀lù ni, májèlé tó wà nínú ọtí. Ní oṣù Òkúdu ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ògógóró.

Ẹ wò ó bí ó ṣe rí: ẹni tó po májèlé kò lórúkọ, òrìṣà ni wọ́n dárúkọ.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ìsè ọtí mọ̀ pé oru tó kọ́kọ́ jáde kò dára fún mímu. Dídà ni yóò dà á nù. Ẹni tó ń wá èrè kì í dà á nù, ẹlòmíràn tilẹ̀ máa ń po kẹ́míkà mọ́ ọn. Ojú kò lè fi ìyàtọ̀ hàn, ahọ́n kò sì lè fi í hàn. Nítorí náà, èmi kò fọwọ́ sí i pé kí a bu ògógóró fún ẹnikẹ́ni ní àpéjẹ yìí. Bí ìjàmbá kan bá ṣẹlẹ̀ ní àgọ́ wa, àwọn ìwé ìròyìn kò ní béèrè kẹ́ẹ̀gì. Ṣàngó tàbí Ògún ni wọn yóò kọ sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni mo fẹ́, àti ẹmu tí a bá mọ ẹni tó dá a, tó dé ní òwúrọ̀, tó sì tán kí ó tó di alẹ́. Wọ́n ń pa ènìyàn bí ọtí èyíkéyìí, bí a bá mu wọ́n lámujù, ṣùgbọ́n a kì í gba oru wọn, ọwọ́ tó ṣe wọ́n kò sì jìnnà.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún àtòpọ̀ àgọ́ wò. Ẹ ti kó Ṣàngó àti Ọya sí abẹ́ ìbòrí kan, ẹ sì fi ọbẹ̀ àgbò sí i. Mo mọ̀ pé ọkọ àti aya ni wọ́n, ṣùgbọ́n Ọya kì í jẹ àgbò. Ẹ gbé ẹmu jìnnà sí oúnjẹ Ọbàtálá, kí òrí wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀ dípò epo. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí àdín sún mọ́ ibi tí Èṣù wà. Ẹ kọ ọ́ sára pátákó ní èdè Yorùbá, kí àlejò lè kà á kí ó tó jẹun. N kò fẹ́ kí olórìṣà kankan tún dìde lẹ́bi.

Owó ẹnu ọ̀nà kù. Mo mọ̀ pé ìbòrí ní owó, àga ní owó, ìyá tó ń yan ẹja ní Mákòókò kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lásán. Ẹ gba owó lórí abọ́. Ṣùgbọ́n ní wákàtí àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má san kọ́bọ̀. A ó ta ọtí sílẹ̀, a ó fún Èṣù ní tirẹ̀, a ó sì gbé ẹ̀wà àti ẹ̀kuru jáde sí ojú títì fún awakọ̀ dánfó tó ń lọ sí Sábó, fún akẹ́kọ̀ọ́ Yabatech, fún ẹni tó ń ta páálí omi. Ọmọdé ni kí ẹ kọ́kọ́ fún. Yábàá kì í ṣe Ìsàlẹ̀ Èkó. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku mú wọ Èkó ní 1924 ni ìjọba dá ìgbìmọ̀ tó ń tún ìlú ṣe sílẹ̀ ní 1928, tí wọ́n sì la ilẹ̀ ibí fún ilé gbígbé. Púpọ̀ nínú wa, ẹni tó kó wá ni. Àwọn Ẹ̀gùn tó wà lórí omi lọ́hùn-ún náà, láti ìhà Àgbádárìgì àti ilẹ̀ Benin ni àwọn baba wọn ti wá. Ohun tí a bá ṣe ní ọdún yìí ni àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò máa pè ní bí wọ́n ti ń ṣe é ní Yábàá.

Mo ti bá ìyá kan sọ̀rọ̀ ní Ìwáyà, ó ti gbà. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Ògún ni àgbàdo yóò wọ omi. Ní ọjọ́ kọkànlá, a ó fi ewé bò ó. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún àti ọjọ́ kẹrìndínlógún ni sísá. Òjò sábà máa ń dá díẹ̀ ní àkókò náà, bí kò bá sì dá, a ó yá àyè lókè àdògán àwọn ẹlẹ́ja. Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni lílọ̀ àti sísè. Ó ní òun fẹ́ ọmọ mẹ́rin tí yóò ràn òun lọ́wọ́, kí wọ́n má ṣe wá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ nígbà tí iná bá ń jó. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ, kí ó fún mi ní orúkọ rẹ̀ kí a tó túká lónìí. Kí ó sì mú ìkòkò tirẹ̀ wá.