Bí A Ṣe Ń Fa Abẹ Lórí Awọ Tí Ojú Rẹ̀ Kò Fi Ní Bàjẹ́
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Ẹgbẹ́)



Láti ìgbà tí díẹ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ti pinnu pé abẹ olójú gígùn, irú èyí tí ń pa dé sínú èkù rẹ̀, ni àwọn yóò máa fi fá irùngbọ̀n, ẹjọ́ kan náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n ní abẹ náà mú ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ó mú ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n kí oṣù tó parí, ó ti ń fa irun tu bí ẹni ń tu èpò. Wọ́n wá ń wí pé ohun àtijọ́ kò wúlò mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ojú abẹ níkòó: abẹ kò ṣẹ̀. Lórí awọ ni wọ́n ti pa á.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé awọ ni í pọ́n abẹ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Òkúta ni í pọ́n abẹ, nítorí òkúta ni ó lè jẹ irin. Ojú abẹ tí a pọ́n dáradára fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí irun tí ó ń gé pàápàá ń tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún àti sí òsì, ní ìwọ̀n tí ojú ènìyàn kò lè rí. Awọ ni ó ń mú un tọ́ padà, tí ó sì ń dán an. Nítorí náà ẹni tí ó bá ń fi agbára tẹ abẹ mọ́ awọ, pé kí ó lè mú sí i, ohun tí ó fẹ́ tọ́ gan-an ni ó ń tẹ̀.

Ẹ̀yìn abẹ ni kí ó máa ṣíwájú, kí ojú rẹ̀ máa tẹ̀ lé e. Bí ojú bá ṣíwájú, yóò gé awọ, abẹ pàápàá yóò sì bàjẹ́. Ẹ gbé e lélẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹ̀yìn àti ojú jọ kan awọ. Ẹ má ṣe gbé ẹ̀yìn sókè rárá, nítorí ẹni tí ó ṣe abẹ ti fi nínípọn ẹ̀yìn náà wọn ìdagẹ̀rẹ̀ tí ojú rẹ̀ fẹ́. Nígbà tí ó bá dé òpin awọ, kí ó kọ́kọ́ dúró. Kí ẹ yí i lórí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ojú rẹ̀ gba òkè kọjá sí ìhà kejì, kí ẹ tó fà á padà. Níbi yíyí yìí ni ọ̀pọ̀ abẹ ti ń kú. Ẹni tí ń kánjú a máa yí i lórí ojú, nítorí ó ti gbọ́ bí ti onígbàjámọ̀ ṣe ń dún ṣà-ṣà, ó sì fẹ́ kí tirẹ̀ dún bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìyára sílẹ̀ fún onígbàjámọ̀.

Awọ ńkọ́? Ẹ so orí rẹ̀ kan mọ́ ìkọ́, kí ẹ fi ọwọ́ fa orí kejì le. Awọ tí ó bá tẹ̀ ní àárín bí okùn tí a sá aṣọ sí, a máa yí mọ́ ojú abẹ, a sì sọ ọ́ di róbótó. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí hóró iyanrìn kan ṣoṣo tó láti sọ ojú abẹ di eyín ayùn. Bí ẹ bá ní aṣọ ọ̀gbọ̀ líle, àlọ àti àbọ̀ 10 lórí rẹ̀ tó, lẹ́yìn náà 30 tàbí 50 lórí awọ, kí ẹ tó fá irùngbọ̀n. Lẹ́yìn fífá, ẹ fọ abẹ, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi epo ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ pa á, pàápàá nígbà òjò, kí ìpáàrà má bàa jẹ ẹ́.

Kí ni ó mú ìmọ̀ yìí sọnù? Ní ọdún 1903 ni King Camp Gillette ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí ta abẹ pẹlẹbẹ tí a ń lò tí a sì ń sọ nù. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ kò ti rí ìdí tí wọn yóò fi dúró ti bàbá wọn níbi awọ. Ṣùgbọ́n abẹ kì í ṣe ohun àlejò láàárín wa. Abẹ ni a fi ń fá orí ọmọ tuntun, òun ni a fi ń fá orí opó, àti orí ìyàwó òrìṣà. Títí dé Bahia àti Cuba, a ṣì ń fá orí ẹni tí a ń ṣe òrìṣà fún.

Ọ̀ràn kan wà tí n kò gbọdọ̀ fi pamọ́. A lè se abẹ nínú omi. A kò lè se awọ, nítorí yóò bàjẹ́. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí a ń pè ní hepatitis B sì lè wà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó gbẹ fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Nítorí náà kí olúkúlùkù ní abẹ tirẹ̀ àti awọ tirẹ̀. Bàbá àti ọmọ pàápàá kò gbọdọ̀ pín in. Bí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ tí ń fi awọ kan ṣoṣo tọ́jú abẹ fún gbogbo orí, ẹ ní kí ó fi abẹ tuntun fá tiyín, tàbí kí ẹ dìde. Àwọn bàbá wa ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí: olórí ni kí ó sọ̀rọ̀.

Awọ 3 wà lórí tábìlì lẹ́yìn yín, àti àwọn ọ̀bẹ tí a fi ń pa bọ́tà, tí kò lè gé ohunkóhun. Àwọn ni kí ẹ fi kọ́ ọwọ́ yín ní yíyí lórí ẹ̀yìn, kí ẹ tó fi ọwọ́ kan abẹ tòótọ́.