Bí Ìbọn Afẹ́fẹ́ Bullpup Ṣe Ń Rí Lọ́wọ́

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbọn afẹ́fẹ́ làwọn àgbẹ̀ kan fi ń pa ehoro tó ń ba oko jẹ́. Ní ti irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bullpup, ẹ̀yìn ibi tí ìka ti ń yìn ín ni ọta ń wà, nítorí náà ó kúrú, bẹ́ẹ̀ ọ̀pá rẹ̀ kò dínkù.

Ṣé ó rọ èèyàn lọ́rùn? Láìsí ọta nínú rẹ̀, ẹ gbé e sí èjìká, ẹ dijú, ẹ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, kí ẹ tó lajú. Bí ojú yín kò bá bọ́ sí àárín awò ìfojúsùn rẹ̀, kò bá yín mu nìyẹn.

Ẹ̀yìn ló wúwo sí. Ìyẹn dára nínú igbó dídí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń yìn ín lórí ìdúró, ẹnu rẹ̀ tètè ń mì.

Ìfà rẹ̀ ló ká mi lára jù. Irin gígùn ló so ibi tí ìka ń fà mọ́ ẹ̀rọ ẹ̀yìn. Bí irin náà bá ń yẹ̀, ìka kò ní mọ ìgbà tí yóò dún. Ẹ yìn ín ní pápá ìdánrawò kí ẹ tó sanwó, pàápàá ẹ̀yin ọlọ́wọ́ òsì.

Ní Scotland, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ọlọ́pàá. Dandan ni láti ìparí ọdún 2016.