Pápá Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Àwọn Eléré Ìje Ilẹ̀ Yorùbá

Ẹ ní kí àwa olùkọ́ wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti fi eré ìje gbé orúkọ ilẹ̀ wa dé òkèèrè. A gbà á tayọ̀tayọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí a ti kọ́kọ́ rò lọ.

Ní ọdún 1950, Josiah Májẹ̀kódùnmí, ọmọ Abẹ́òkúta, lọ sí ìlú Auckland ní New Zealand, níbi ìdíje àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó fò sókè, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà. Nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí Òlíḿpíìkì ní Helsinki ní 1952, òun náà wà níbẹ̀, ó sì ṣe ipò kẹsàn-án ní gbogbo ayé.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Modúpẹ́ Òṣíkọ̀yà dé. Níbi ìdíje gbogbo Áfíríkà tí a ṣe ní Èkó ní 1973, wúrà mẹ́ta ni ó gbà: nínú eré sísá pẹ̀lú fífo igi ìdènà, nínú fífò sókè, àti nínú fífò gbọọrọ. Ní 1974 ó tún gba wúrà nínú fífò gbọọrọ ní Christchurch.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Auckland. Ní 1990, ogójì ọdún lẹ́yìn Májẹ̀kódùnmí, ọmọbìnrin kan láti Ọ̀wọ̀, Fatima Yusuf, sáré 400 mítà ní ìlú kan náà, ó sì gba wúrà. Kò tíì pé ọmọ ọdún 19. Nígbà náà, Ọ̀wọ̀ àti Adó ṣì wà nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà, nítorí ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996 ni a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Ọmọ ilé wa ni. Ọmọ Àkúrẹ́ sì ni Ṣeun Ògúnkọ̀yà, ẹni tí ó sá 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 9.92 ní Johannesburg ní 1998.

Ní Atlanta ní 1996, Falilat Ògúnkọ̀yà láti Ìpínlẹ̀ Ògùn sá 400 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 49.10, ó sì gba idẹ. Òun àti Fatima Yusuf, pẹ̀lú Bísí Afọlábí àti Charity Opara, tún gba fàdákà nínú eré tí ènìyàn mẹ́rin fi ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn.

Ní oṣù keje 2022, Tóbi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá 100 mítà pẹ̀lú fífo igi mẹ́wàá ní Eugene ní Amẹ́ríkà. Ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ni ó fi parí rẹ̀, obìnrin kan kò sì tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò gba wúrà níbi ìdíje àgbáyé ti eré ìje.

Olùkọ́ ni àwọn òbí Tóbi Amusan. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ eré náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé ni ó fẹ́. Ìyá rẹ̀ ni ó ń bá a wá ọ̀nà. Ní ìgbẹ̀yìn, eré náà ni ó mú un dé yunifásítì ní ìpínlẹ̀ Texas.

Níhìn-ín ni a ti fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi tiwa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa tí kò sí ọmọkùnrin tí ó lè bá a dé òpin pápá. Bàbá rẹ̀ wá bá wa, ó ní, “Tíṣà, ṣé eré sísá ni ọmọ mi yóò máa jẹ?” Ó yẹ kí a dá a lóhùn, ṣùgbọ́n a dákẹ́. A tilẹ̀ ní kí ọmọ náà fi eré sílẹ̀, kí ó kọjú sí ìṣirò. Ó yege nínú ìdánwò, inú wa sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n a kò rí i kí ó sáré mọ́. Nígbà tí ìròyìn Eugene dé, òun ni ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn.

Nítorí náà a kò sọ pé Adó kò ní asáré. Ọdọọdún ni a ń rí wọn. Ohun tí ó kù ni ẹni tí yóò mú wọn jáde, àti ibi tí wọn yóò ti sáré.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ kàwé ṣáájú òmìnira yóò rántí Ọjọ́ Ẹ́mpáyà, nígbà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ máa ń yan, tí wọ́n sì máa ń sáré ìje. Ẹ óò rántí Grier Cup tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ń du. Kì í ṣe owó ńlá ni a fi ṣe é: pápá ni, àti ìlà funfun, àti tíṣà tí ó gbà láti dúró nínú oòrùn. Àwọn tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láyé ìjọ́sí mọ̀ pé pápá jẹ́ ara ilé-ẹ̀kọ́.

Láti ìgbà tí Adó ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀, ilẹ̀ ti di wúrà, ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti wà lára ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Pápá tí ó ní ọ̀nà eré 400 mítà gba nǹkan bí 177 mítà ní gígùn àti 93 mítà ní ìbú. Ẹni tí ń ta ilẹ̀ rí púlọ́ọ̀tì tí ó ju 20 lọ nínú rẹ̀. Bí a bá sì ti kọ́ ilé sí i, ó parí nìyẹn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ Ẹgbẹ́ yìí. Ìkíní, kí a bá Ìjọba sọ ọ́, kí a wọn pápá gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìlú yìí, kí a sì ri òpó ààlà mọ́lẹ̀. Ìkejì, kí a ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ yóò máa díje, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ìkẹta, kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀ máa san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ tí ó bá gbégbá orókè, kí bàbá rẹ̀ má baà bi wá ní ìbéèrè ọjọ́sí mọ́.

Àwa olùkọ́ ṣèlérí pé a kò ní dákẹ́ mọ́. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Adó á gbèrú o.