Ilẹ̀ Ta Ni Ẹ Fẹ́ Jogún?



Bí ọyẹ́ bá dé, tí ẹ sá aṣọ síta ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ẹ ó rí màjàlà dúdú tó ń bọ́ lé e. Ẹ ó bínú, ẹ ó gbọn aṣọ, ọ̀rọ̀ parí. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Pápá wo ló jó? Oṣù wo ló jó? Bí wọn kò bá dáná sun ún rárá ńkọ́, kí ni ì bá wà níbẹ̀?

Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó gbé ìbéèrè yìí lọ sí Olókèméjì, láàárín ìlú méjèèjì tí mo dárúkọ yẹn. Wọ́n gé igi ilẹ̀ kan lulẹ̀, wọ́n pín in sí mẹ́ta. Lọ́dọọdún, wọ́n ń sun apá kìíní nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń lọ sópin, tí koríko ti gbẹ táútáú. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń sun apá kejì, nígbà tí omi ṣì wà lára koríko. Apá kẹta, wọn kò jẹ́ kí iná dé ibẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 28, àwọn olùwádìí Charter àti Keay yẹ ibẹ̀ wò, ìròyìn wọn sì jáde ní 1960. Ibi tí iná líle ti ń jó ṣì jẹ́ ọ̀dàn: koríko, àti igi tí èèpo rẹ̀ lè gba iná mọ́ra. Ibi tí iná kò dé ti ń di igbó. Igi inú igbó ti hù, òjìji ti bo ilẹ̀. Ibi tí wọ́n tètè ń sun wà láàárín méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sí gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí iná wọlé, tàbí pé kò wọlé, ló yàtọ̀. Iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn máa ń gbóná, ó ń pa ọ̀dọ́ igi kó tó ga kọjá ibi tí ọwọ́ iná dé. Koríko ní tirẹ̀ ti fi gbòǹgbò pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ dé, ó rú. Bó bá sì rú tán, òun náà ni iná ọdún tó ń bọ̀ yóò jẹ. Koríko ń pe iná, iná ń lé igi, àìsí igi sì ń fún koríko ní oòrùn. Ohun tí ìmọ̀ àwùjọ ewéko ń wá nìyẹn: kì í ṣe orúkọ ewé kọ̀ọ̀kan, bí kò ṣe ìdí tí ewé yìí fi lè bá tọ̀hún gbé, tí ẹ̀kẹta kò fi rí àyè jókòó.

Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí bú àgbẹ̀ tàbí ọdẹ tó ń sun pápá. Koríko bẹẹrẹ ni Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́ fi ń bo òrùlé ààfin, odidi àjọ̀dún kan ni wọ́n sì ń ṣe nítorí rẹ̀. Níbi tí igbó bá ti bò, ẹ kò ní rí bẹẹrẹ gé.

Ọdún 28 ni ìdáhùn Olókèméjì gbà, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ yìí máa ń bi mí bí wọn ó ṣe yan àyè ìwádìí tó tẹ̀ lé oyè náà. Ẹnì kan ń wo owó oṣù, ẹnì kan ń wo físà. N kò bú wọn. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni irú àyè bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́, ìrókò kò sì mọ̀ pé àdéhùn yín ń parí lọ. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ka igi rẹ̀ rí, koríko àkọ́rú ni ẹ ó kà tí ẹ ó fi kó ẹrù yín. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi ọ̀gá tó fẹ́ gbà yín pé, ilẹ̀ ta ni mo fẹ́ jogún?

Fún àpẹẹrẹ, ní erékùṣù Barro Colorado ní Panama, àwọn olùwádìí Hubbell àti Foster bẹ̀rẹ̀ sí í sàmì sí igi inú hẹ́kítà 50 ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, títí kan èyí tí kò ju sẹ̀ǹtímítà kan ní ìbú. Nǹkan bí ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń tún un kà. Ẹni tó dé ibẹ̀ lánàá bá iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún nílẹ̀. Ní Nàìjíríà pàápàá, ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó lé ní hẹ́kítà 20 wà ní Ngel Nyaki, lórí òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ afínjú. Ẹ ó máa fi téèpù wọn igi ní mítà 1.3 sókè, ẹ ó sì máa la àárín ewé Akíntọ́lá kọjá (àlejò ni ewé yẹn, irúgbìn igi Gmelina láti Ceylon ló bá wọlé ní nǹkan bí 1937; àwọn mìíràn ń pè é ní Awólọ́wọ̀, ẹgbẹ́ tí bàbá yín ń ṣe ni kí ẹ bi).

Bí ẹnì kan bá sì ń wá ìbéèrè, ọ̀kan rèé láti Olókèméjì. Igi igbó tó hù ní apá kẹta, ta ló gbé e wá? Ṣé ẹyẹ ni, àdán ni, àbí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà lábẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó gé igi ibẹ̀? Kíka igi nìkan kò lè dáhùn ìyẹn. Ọdún méjì tó láti gbé agbọ̀n sábẹ́ igi, kí a máa ka irúgbìn tó bọ́ sínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, bí ẹni tó ṣáájú kò bá ti hú òpó ààlà ilẹ̀ náà lọ.