Owó Ìtanràn àti Ọmọ Tálákà



Bí adájọ́ bá ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta tàbí owó ìtanràn, owó ni àwa tí a ní ìsọ̀ ń gbọ́. Ẹ̀wọ̀n ni alábàárù ń gbọ́. Kí ó tó débẹ̀, owó lọ́yà àti owó ọkọ̀ oníduùró ti gbé ìwọ̀nba tó ní lọ. (Ọ̀fẹ́ ni béèlì, wọ́n ní, ẹni tó bá ti gba ọmọ rẹ̀ jáde lọ́fẹ̀ẹ́ rí, kí ó nawọ́.)

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ tú ènìyàn tó lé ní 4,000 sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, àwọn tí kò rí owó ìtanràn san. Mílíọ̀nù náírà 585 ni àwọn ilé-iṣẹ́ àti aláàánú dá. Ẹ pín in: kò tó ₦150,000 lórí ẹnì kan. Aṣọ ẹbí wa ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ!

Òfin gbà kí ènìyàn bẹ adájọ́ fún àsìkò, tàbí kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ wa kò mọ̀. Legal Aid Council, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1976, wà fún tálákà tí kò lówó lọ́yà.

Nínú owó òní, a bẹ̀bẹ̀ kí a yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún irú ọ̀rọ̀ yìí, kí akọ̀wé sì rán ẹnì kan lọ sí kóòtù bí wọ́n bá mú ọmọ wa. A kò sọ ti olè paraku. Ẹni tó gbé igbá ọjà sójú títì ni à ń wí.