Orúkọ àti Àwòrán: Yíya Fọ́tò Àwọn Ọkọ̀ Ogun Ojú Omi Jàpáànì Òde Òní

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé fọ́tò ọkọ̀ ogun ni mo gbé wá síwájú yín nírọ̀lẹ́ òní. Èmi kì í ṣe ológun, ìbọn kò sì wù mí rí. Ìbéèrè kan ni ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ náà: bí ìjọba bá pe nǹkan ní orúkọ kan, tí ojú sì rí i bí nǹkan mìíràn, èwo ni kí ará ìlú gbàgbọ́?

Òfin ìpìlẹ̀ Jàpáànì, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1947, sọ ní abala rẹ̀ kẹsàn-án pé orílẹ̀-èdè náà kò ní ní ọmọ ogun orí ilẹ̀, ti ojú omi tàbí ti òfurufú. Síbẹ̀, ní 1954, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọn kò pè ní ọmọ ogun. Kaijō Jieitai ni wọ́n pè é, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹgbẹ́ ìdáàbòbò-ara-ẹni lórí òkun. Àwọn ọkọ̀ ńlá rẹ̀ náà kò gba orúkọ ogun. Goeikan ni wọ́n ń jẹ́: ọkọ̀ tí ń sin ọkọ̀ mìíràn lọ kí ewu má bàa bá a. Àwọn àgbà wa ní orúkọ a máa ro ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ mìíràn a máa dàgbà ju orúkọ rẹ̀ lọ.

Ní Yokosuka ni mo ti kọ́kọ́ rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọgbà ìgbafẹ́ kan wà létí omi níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Verny, òdòdó róòsì kún inú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ni ó sì lè jókòó síbẹ̀ kí ó máa wo ọkọ̀ abẹ́ omi ní òdìkejì. Izumo ni mo ń wá. Mítà 248 ni gígùn rẹ̀, òkè rẹ̀ sì tẹ́jú láti iwájú dé ẹ̀yìn. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2015, ọkọ̀ tí ń gbé hẹlikópítà ni wọ́n ní ó jẹ́. Ní oṣù Kejìlá 2018, ìjọba pinnu láti tún un ṣe kí ọkọ̀ òfurufú ìjà F-35B lè máa bà lé e. Ní oṣù Kẹwàá 2021, irú rẹ̀ tí ó jẹ́ ti Amẹ́ríkà sì bà lé e ní tòótọ́. Goeikan náà ni wọ́n ṣì ń pè é.

Mo ya fọ́tò títí ó fi sú mi, n kò sì rí ohun tí mo fẹ́. Ọ̀dà eérú lára ọkọ̀, ìkùukùu eérú lójú ọ̀run, omi eérú nísàlẹ̀: kámẹ́rà kò mọ èyí tí yóò mú. Ohun tí ó burú jù ni pé, láti etí omi, bí ògiri ni ọkọ̀ náà ṣe rí. Òkè rẹ̀ tí ó tẹ́jú, tí gbogbo àríyànjiyàn dá lé lórí, kò hàn rárá. Ẹni tí yóò rí i gbọ́dọ̀ gun ibi gíga.

Ìdí nìyí tí mo fi lọ sí Kure, níbi tí òkè kan ti dojú kọ ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan Yamato ní 1937. Wọ́n fi òrùlé bo apá kan rẹ̀ kí ẹni tí ó wà lókè má bàa rí i. Ní Nagasaki, níbi tí wọ́n ti ń kan Musashi, èkejì rẹ̀, aṣọ ìkélé tí wọ́n fi okùn hun ni wọ́n ta bò ó. Ẹni tí ó bá gbé kámẹ́rà jáde nígbà náà ti di ọ̀daràn. Àwọn ará ìlú san owó orí kan ọkọ̀ tí wọn kò gbọdọ̀ wò.

Ní 2022 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lára Kaga, àbúrò Izumo, ní Kure kan náà. (Kaga àkọ́kọ́, tí ń gbé ọkọ̀ òfurufú, rì ní Midway ní 1942. Ẹni tí ó sọ èkejì lórúkọ kò ṣàì mọ̀.) Bàbá àgbàlagbà kan tí mo bá lórí òkè náà fi fọ́tò mẹ́ta hàn mí, ó tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì. Nínú èyí àkọ́kọ́, imú ọkọ̀ náà ṣe tóóró níwájú. Nínú èkejì, irin àgbékalẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ bò ó. Nínú ẹ̀kẹta, imú náà ti di onígun mẹ́rin gbọọrọ, kí ọkọ̀ òfurufú lè rí àyè gbéra. Mo bi bàbá náà, nípasẹ̀ ògbufọ̀, irú ọkọ̀ tí ó rò pé ó jẹ́. Ó ní iṣẹ́ ìjọba ni láti sọ ọ́ lórúkọ, iṣẹ́ tòun ni láti kọ déètì sẹ́yìn fọ́tò.

Mo gbà pé ìròyìn kò tó àfojúbà, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ tan yín jẹ. Ní 2024, fídíò kan jáde tí dúróònù yà láti òkè Izumo gan-an ní Yokosuka, láìgba àṣẹ. Òfin ka irú rẹ̀ léèwọ̀. Ilé Iṣẹ́ Ààbò náà sì sọ nígbẹ̀yìn pé ó ṣeé ṣe gidigidi kí fídíò náà jẹ́ òótọ́. Ohun tí mo wá lọ sí Kure ni ẹni yẹn rí láìgun òkè kankan. Lójú tèmi, ẹni tí ó dúró sí gbangba níbi tí òfin gbà á láyè yàtọ̀ sí ẹni tí ó rán ojú wọ ọgbà olọ́gbà. Síbẹ̀, mo wo fídíò náà títí dé òpin, mo sì tún un wò.

Àwọn ọkọ̀ tuntun kò tilẹ̀ fẹ́ kí a dá wọn mọ̀ mọ́. Mogami, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, ní ara dídán tí ó dagun kí reda má bàa tètè rí i, ọ̀dà eérú ni wọ́n sì fi kọ nọ́mbà rẹ̀ sára eérú. Mo ya á ní Yokosuka lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo fẹ́ padà. Ìgbà tí mo dé ilé, tí mo fẹ àwòrán náà lójú, ni mo tó rí nọ́mbà 1 nítòsí imú rẹ̀.