Kí La Ó Bi Àwọn Tó Wá Tọrọ Ìbò Wa?

 

Wọ́n fi ìbò ààrẹ sí 12 oṣù kẹrin 2026. Ọ̀gbẹ́ni Wadagni, tó di minísítà ìnáwó ní 2016, àti Ọ̀gbẹ́ni Hounkpè ni olùdíje nínú ìbò náà. A ò wá sọ ẹni tí ẹ ó dìbò fún. Ọ̀rọ̀ owó la bá wá.

Láti 2021, ọrọ̀ ajé Bẹ̀nẹ̀ ń dàgbà ju 6 nínú 100 lọ lọ́dọọdún. Irọ́ kọ́. Àmọ́ àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń bèèrè pé: ta ló ń jẹ ẹ́? Wọ́n ní kò tíì dé ìkòkò tálákà bó ṣe yẹ. Ní 2023, ìjọba sọ owó oṣù tó kéré jù di 52.000 fàráǹkì. Ó dáa. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Ṣábẹ, télọ̀ Kétu, ìyá alákàrà Àjàṣẹ́, ta ni ọ̀gá tí yóò san án fún wọn? Irú wọn ló sì pọ̀ jù nínú wa.

Ẹ tún wo kajú. Láti oṣù kẹrin 2024, ìjọba ò gbà kí a kó kajú tí a ò tíì pa jáde nílùú mọ́, kí ilé-iṣẹ́ Glo-Djigbé lè máa pa á, kí ọmọ wa ríṣẹ́. Èrò náà dáa. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá dín kù, ẹni tó ṣẹ́ kù ló ń dá iye lé ọjà. Àgbẹ̀ ni yóò dùn.

Àwọn kan ní ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ lásìkò ìbò, ọ̀tá ni. Àwa tí a ṣiṣẹ́ ìjọba ṣáájú 1990, a mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ní owó ìlú ń tán nígbà náà, ọ̀tá Révolution ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó di 1989, oṣù ń parí, owó oṣù ò wọlé. Àwọn báńkì ìjọba wó, tàwọn ti owó aráàlú nínú. Ẹni tó ní òrùlé ń jò kọ́ ló rọ òjò.

Ọdún 7 ni sáà ààrẹ báyìí. Bí wọ́n bá dé, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n:

Ta ni yóò jókòó ti àgbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dá iye lé kajú?

Bí Nàìjíríà bá tún ti bodè, bó ti ṣe láti oṣù kẹjọ 2019 dé oṣù kejìlá 2020, kí lọjà Kétu yóò jẹ?

Gbèsè tí ọmọ wa yóò san, kí ló fi ṣe ní kọmúnù wa?

Kí wọ́n dáhùn lójú Kábíyèsí, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé, ẹnu ò lè jẹ ẹ́.